Ọlẹ̀ Inú Ìgò

Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́ ohun ọ̀gbìn nínú ìgò, kò sẹ́ni tó tún rántí orúkọ tí òbí Màmá Ìgò sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ọwọ́ rẹ̀ náà mú bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà òjò ni ọwọ́ ọ̀hún ti ń gbọ̀n, ó kàn ń fi í pamọ́ sápò ni.

Ọdún gorí ọdún ló fi ń mú ìyẹ̀fun òdòdó tòmátò igbó, èyí tó korò bí jogbo ṣùgbọ́n tí àrùn ò lè pa, lọ kun òdòdó tòmátò aládùn tí àrùn ń pa bí eṣinṣin. Oyún òdòdó náà a máa dúró, kì í kàn dé oṣù rẹ̀. Oúnjẹ inú hóró á gbẹ, ọlẹ̀ inú rẹ̀ á kú. Àfi kéèyàn tètè yọ ọ́, kó máa bọ́ ọ nínú ìgò. Gbogbo èso ọdún yìí ni wọ́n ti là, òfìfo ni. Ẹyọ kan ló kù, Màmá Ìgò sì ń fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí.

Ó la èso náà. Hóró kan ṣoṣo ló ṣì tutù nínú rẹ̀. Ó mú abẹ, abẹ ń jó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá na án sí ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ torí pé ìgbín gan-an yá jù ú lọ.

"Ọwọ́ àgbà ò wọ akèrègbè. Gbà."

"Màmá, èmi kẹ̀?"

"Àbí ìwọ àti ta lẹ jọ dúró síbẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ fa ọlẹ̀ náà yọ lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Kò tó orí abẹ́rẹ́, síbẹ̀ ó ti pé: ewé méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí, gbòǹgbò nídìí. Màmá Ìgò ti rí irú rẹ̀ láìmọye ìgbà, orí rẹ̀ sì tún wú. Ohun tí kò tíì rí ilẹ̀ rí ti pèsè ẹsẹ̀ sílẹ̀!

Jẹ́jẹ́ gbé e sórí oúnjẹ dídì inú ìgò, ó dé e pa. Ìgbà náà ló pariwo.

"Yéè! Mo ti dorí ẹ̀ kodò! Gbòǹgbò ẹ̀ ló kọjú sókè!" Ó fẹ́ ṣí ìgò.

"Má fọwọ́ kàn án! Tí irin bá tún gbá a mú, ó máa fọ́. Ó mọ ilẹ̀ jù ẹ́ lọ."

Ẹnu lásán ni. Ọlẹ̀ tí wọ́n fà yọ láìpé oṣù, ta ni yóò júwe ilẹ̀ fún un? Láràárọ̀ ni Màmá Ìgò ń lọ yọjú sí ìgò kó tó gbé báàgì kalẹ̀.

Nígbà tí gbòǹgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, òkè tààrà ló kọrí sí. Jẹ́jẹ́ sunkún. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, orí gbòǹgbò ti tẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti yí sísàlẹ̀, ó sì ti wọnú oúnjẹ lọ. Ewé méjèèjì ti ń gbórí sókè.

Màmá Ìgò, tí kì í kí ọ̀gá àgbà bí onítọ̀hún ò bá kọ́kọ́ kí i, tẹrí ba níwájú ìgò. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìrìn."

Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, tòmátò lẹ ń kí báyẹn?"

"Ṣé ẹgbẹ́ mi ni?"