Ẹni Tó Máa Ń Rìn Níwájú

Ìjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe ọ̀gá ilé-ìwé náà kó tó fẹ̀yìn tì, orúkọ ọ̀hún sì wù ú ju èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Kò sí ibi tí òun àti Màmá, ìyàwó rẹ̀, jọ lọ rí tí wọ́n jọ dé. Bàbá á ti jókòó, á ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, kí Màmá tó yọ ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ méjèèjì. Bó bá ní, "Dádì, ẹ dúró dè mí," Bàbá á ní òun ò mọ ìrìn ìgbín í rìn.

Ìgbà tó yá, oríkèé ìbàdí Bàbá lápá ọ̀tún jẹ tán. Àwọn oníṣẹ́ abẹ yọ ọ́, wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń di irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mú rìn, nígbà tó yá ó bọ́ sórí ọ̀pá. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ ọ ní ìrìn nílé ìwòsàn wá ní kó máa jáde láràárọ̀, kí ẹnì kan máa bá a lọ.

"Èmi ni," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ ti dùn jù.

Láàárọ̀ àkọ́kọ́, kí Bàbá tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Màmá ti kọjá ilé kejì. Kò sáré o; ó kàn ń rìn bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Ohun kan ló ń wá: kí ọkọ òun bẹ òun lójú gbogbo àdúgbò.

Bàbá mọ̀. Kí ìbàdí kejì náà wó yá a lára ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Alágbàfọ̀ tó wà ní ìparí òpópónà dá irin ìlọṣọ dúró. "Màmá, ẹ ti gbàgbé ọkọ yín sẹ́yìn o!"

"Mi ò gbàgbé. Èmi náà ti gbé ẹ̀yìn rí, ibẹ̀ kì í pààyàn."

Ìbínú wá di oògùn. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń lé obìnrin náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le sí i. Ẹ̀san tí Màmá ń gbà ló ń wo ọ̀tá rẹ̀ sàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ Màmá kọjá fìrì. "Ṣé kò rẹ̀ ọ́?" ló bi í, ó sì lọ. Ó dé iwájú ògiri alágbàfọ̀, ó fẹ́ yí padà kó wo bí ojú Màmá ṣe rí.

Àṣé yíyí ní òfin tirẹ̀. Wọn kì í fi ẹsẹ̀ onírin múlẹ̀ kí wọ́n lọ́ ara lé e lórí, kó má bàa yẹ̀. Ìgbésẹ̀ kéékèèké ni wọ́n fi ń yí po. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin ilé ìwòsàn yẹn kọ́ ọ, Bàbá ò fetí sí i; ṣe ló ń kọ́ ọmọbìnrin náà bí wọ́n ṣe ń darí ilé-ìwé. Ó gbé ẹsẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀, kò rántí bí wọ́n ṣe ń yí. Ó dojú kọ ògiri bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fìyà jẹ.

"Màmá!"

"Mò ń bọ̀." Ó kí alágbàfọ̀. Ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, ó tún béèrè ọmọ tí wọn ò tíì bí.

"Màmá, mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ tún un wí, ó jọ pé alágbàfọ̀ ò gbọ́."

"Mo ní mo bẹ̀ ọ́!"

Màmá wá dì í mú nígbọ̀nwọ́. "Díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Kí lẹ ń kánjú sí?" Ó yí i bí ẹni ń fi aṣọ títà han oníbàárà, títí gbogbo fèrèsé fi rí iwájú Ìjì, tí wọ́n rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì rí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa.