Orin Tí Wọ́n Ń Kọ fún Bíṣọ́ọ̀bù

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú abo ẹṣin Gaborit wá sílé ọkọ, Alcide jí, ó la ẹnu láti kí ìyàwó rẹ̀, kò rí ohùn. Ó tún ẹnu là. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde, bíi ti ẹwìrì tó ti lu.

Radegonde, ìyàwó rẹ̀, tó ń da kọfí sínú abọ́, wò ó tìyanu tìyanu.

"Ọlọ́run mà tóbi o," ló wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti ń gbàdúrà kan ṣoṣo yìí. Òní ló wá gbà á."

Alcide na ìka sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó na ìka sí ìta, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín lójú tirẹ̀, òótọ́ ni kò sì yẹ kó jẹ́ ti ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ta ló rán an níṣẹ́? Lánàá ní ọjà Melle, inú òjò ló dúró sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó ń pariwo pé kò sí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ní gbogbo ilẹ̀ Poitou tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún abo ẹṣin lóyún ìbaaka bíi Bíṣọ́ọ̀bù òun. Ó pariwo títí Gaborit fi dá a lóhùn. Gaborit yìí ló ní àwọn abo ẹṣin tó dára jù lágbègbè náà, ilé Baudry, tí òun náà ní akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ló sì máa ń kó wọn lọ láti ìgbà ayé bàbá rẹ̀. Gaborit ní kò burú, òun á mú Olorì, ọ̀kan nínú àwọn abo ẹṣin náà, wá lọ́la kí òun fojú òun rí i. Ibẹ̀ ló yẹ kí Alcide ti panu mọ́. Àmọ́ wáìnì ti wà lórí. Ó gun àpótí kan, ó búra lójú gbogbo ọjà pé bí Bíṣọ́ọ̀bù bá kùnà, òun á tà á fún alápatà ìlú Niort, òun á sì gbin kábéèjì sínú ọgbà rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè sọ pé kí ni ti ohùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Akọ ẹṣin ò nílò ẹ̀bẹ̀; bó bá ti gbóòórùn abo, ó ti tán. Ṣùgbọ́n onígbèéraga ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí o bá mú abo ẹṣin síwájú rẹ̀, á wò ó bí ẹni ń wo ẹrù ẹlẹ́rù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń kọrin fún un ní Poitou, orin gbọọrọ kan tí ń fà bí oyin, tí bàbá ń kọ́ ọmọ. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ń kọ ọ́ kò gbọdọ̀ dánu dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bó bá dánu dúró, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà á dúró, kò sì sí ohun tó máa mú un bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà.

Àwọn obìnrin ò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Bí abo ẹṣin bá ti dé, wọ́n á wọlé, wọ́n á ti fèrèsé pa, wọ́n á mú rósárì. Fáda ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, òun tí kì í kọ ìdá rẹ̀ nínú owó ìbaaka. Bí Radegonde ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé ìdáná rẹ̀ àti ọgbà, rósárì ò sì dí ènìyàn létí. Ó mọ orin náà ju àdúrà Mo Kí Ọ Màríà lọ.

Ohun tó sì ń dùn ún gan-an nìyẹn. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ dùn báyìí kò kọrin fún òun rí. Kò kọ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò kọ ọ́ lórí ibùsùn, kò tilẹ̀ fi ìdajì rẹ̀ kùn sí i létí. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni orogún mi," ló máa ń wí fún àwọn aládùúgbò, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín kú. Wọn ò mọ̀ pé kò fi gbogbo ẹnu ṣàwàdà.

Síbẹ̀, ó fẹ́ràn orogún náà. Òun ló fi wàrà ewúrẹ́ tọ́ Bíṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹ wo bó ti wá di ńlá: ó ga, etí rẹ̀ gùn, irun tí ẹnikẹ́ni ò yà rí so kọ́ra bí àkísà, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń rùn. Irun yìí gan-an ni iyì rẹ̀. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i á di imú, á sì ṣí fìlà fún un. Kí wọ́n wá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún alápatà? Inú Radegonde bàjẹ́, kò sì jẹ́ kí Alcide rí i.

Gaborit dé. Olorì ń tẹ̀lé e, ó sanra bí ilẹ̀kùn àká, pátákò rẹ̀ fẹ̀ bí àwo oúnjẹ nítorí inú irà ni wọ́n ti tọ́ ọ, irun sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ilẹ̀.

"Alcide!" ni Gaborit ké. "Ẹ̀n-ẹ́n? Ahọ́n dà? Lánàá, Ọlọ́run gan-an ò rójú sọ̀rọ̀ ní Melle nítorí tìẹ."

Alcide na ìka sí ọ̀fun.

"Ó ti rò ó wò nìyẹn," ni Gaborit wí fún Firmin, ọkọ ọmọ Alcide, tó di okùn Bíṣọ́ọ̀bù mú. "Ẹ jẹ́ ká yára o. Olorì yìí, bí òní bá kọjá, kò ní gbà mọ́."

Radegonde wọlé, ó ti fèrèsé, ó mú rósárì, ó fi etí lé pákó fèrèsé náà.

Firmin ló kọ́kọ́ dán an wò. Orin ológun ló mọ̀, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tí eyín ń ro. Bíṣọ́ọ̀bù yí ìdí sí i.

"Ìyẹn, o máa pa á ni," ni Gaborit wí. "Yàgò." Ó ha ọ̀fun, ó gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì dùn, ẹni tó jẹ́ aṣáájú akọrin ni. Bíṣọ́ọ̀bù tẹ́tí sí ẹsẹ kìíní pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní ẹsẹ kejì, ó di ojú. Ní ẹsẹ kẹta, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, ó sùn lọ.

"Ó sùn!" ni Firmin wí.

"Bí wọ́n ṣe máa ń sùn fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì náà nìyẹn," ni Gaborit wí, inú rẹ̀ ò dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn Olorì jọ. "Èmi ń lọ sílé Baudry. Alcide, ó kù sí ọ lọ́wọ́, wá irúgbìn kábéèjì."

Radegonde gbọ́ okùn, ó gbọ́ pátákò Olorì tó ń yí padà. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó la ẹnu, orin náà jáde láti ẹ̀yìn fèrèsé, ó ń fà, ó ń lọ́, bó ṣe yẹ kó rí gan-an:

"Wá o, ọkọ ìyàwó, wá o,
Alákìísà tí gbogbo ayé ń fẹ́,
Ìyàwó dé láti inú irà,
Má jẹ́ ó dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Bíṣọ́ọ̀bù la ojú. Etí rẹ̀ dìde, ìkan, lẹ́yìn náà èkejì.

"Yéè! Obìnrin!" Gaborit fi àmì àgbélébùú sí ara. Ṣùgbọ́n Alcide ti fi ọwọ́ méjèèjì di ìjánu Olorì mú, ó sì ń mi orí bí aláǹgbá: ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù gbé ẹsẹ̀ kan. Ó fẹ́ rí i dájú pé wọn ò tàn án. Níbi tó dé yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ orin ti tán. Alcide á máa fi imú kùn ún láìsí ọ̀rọ̀ ni bó bá débẹ̀. Radegonde ò mọ bí wọ́n ṣe ń kùn ún, kò sì gbọdọ̀ dánu dúró. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló wá ń fi sí i.

"Bíṣọ́ọ̀bù, ìwọ lo jẹ̀gbádùn ọkọ mi,
Ìwọ ló ń pè ní ẹyinjú.
Tèmi, 'Ọbẹ̀ ò tíì jinná ni?'
Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tèmi nìyẹn."

Gaborit bú sẹ́rìn-ín. Bíṣọ́ọ̀bù súnmọ́ Olorì.

"Ó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi,
Màlúù wa ló ń wò.
Ó ní, 'Ọmọ yín dára, bàbá,
Èló lẹ máa ta ìyẹn tó funfun?'"

"Ṣé òótọ́ ni, Alcide?" Omi ti ń bọ́ lójú Gaborit. Firmin ki apá aṣọ bọ ẹnu. Alcide pọ́n bí ata. Kò lè fèsì, kò ní ohùn. Kò lè sá, òun ló di Olorì mú. Kò sì lè sọ pé kí ó dákẹ́, nítorí Bíṣọ́ọ̀bù ti gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè. Ẹni bá rí ọkọ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ báyẹn rí, kó wá sọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ Radegonde nínú. Ó kọ ti ìhanrun Alcide, ó kọ ti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Orin náà sì gbé e lọ síbi tí kò ní lọ́kàn láti lọ.

"Ìgbà ìrúwé ni Séverin ọmọ wa kú,
Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mi ò tíì wẹ̀ ẹ́.
Ẹṣin dé, o dìde, o jáde,
Mo gbọ́ ọ, Alcide. O ń kọrin."

Ẹ̀rín Gaborit gé kúrú. Ẹranko ò mọ ọ̀fọ̀, lórí ìlà yẹn gan-an ni Bíṣọ́ọ̀bù parí iṣẹ́ tí wọ́n mú un wá ṣe. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn etí, ó ké débi tí wọ́n fi gbọ́ ọ ní abúlé kejì.

Gaborit ṣí fìlà, ó kọjú sí fèrèsé tó wà ní títì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ló wí jẹ́jẹ́. "Àwọn ẹṣin mi yòókù ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo wọn." Kò dúró mu wáìnì. Ẹni tó mọ Gaborit mọ̀ pé irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Nígbà tí Alcide wọlé, Radegonde ń bó ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Ó mọ̀ pé Bíṣọ́ọ̀bù ò níí lọ sọ́dọ̀ alápatà mọ́. Inú rẹ̀ dùn síyẹn, ojú sì ń tì í, ó tún ń bínú.

"Má wulẹ̀ yanu," ló wí. "Mo ti sọ ọ́, mi ò ní kó o jẹ."

Alcide tẹ̀ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹnu sí i létí, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí kò sí bí Radegonde ṣe tún lè gbọ́ ọ.

"Ọjọ́ yẹn. O gbọ́ ohùn mi."

"Mo gbọ́ ọ."

"O gbọ́ ohun tí mo ń wí?"

Kò gbọ́ ọ. Báwo ni yóò ṣe gbọ́ ọ? Fèrèsé wà ní títì, ó di rósárì mú, òkú ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Kò sí 'ọkọ ìyàwó' kankan níbẹ̀," ni Alcide wí. "Séverin ni mò ń pè. Séverin nìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbo lọ́kùnrin ti lè ké báyẹn nílùú yìí, tí wọn ò ní wá wò ó? Níbẹ̀ yẹn, orin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n pè é."

Radegonde ti abọ́ ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀wà ń yí lọ sábẹ́ tábìlì. Ó di kọ́là ẹ̀wù Alcide mú kó má baà gbé orí kúrò.

"Pè é kí n gbọ́," ló wí.

Alcide pè é. Ohùn kò sí níbẹ̀, èémí lásán ni.

"Tún un pè."

Ó tún un pè.