Àṣẹ Tí Àáfà Mansur Sọ Di Bísímílà

Mùíbátù fi aṣọ gbígbẹ nu ojú kọ̀ǹpútà náà kó tó tàn án. Àṣà rẹ̀ ni: kò jẹ́ tú ẹ̀rọ kankan wò láì kọ́kọ́ nu eruku ara rẹ̀. Àáfà Mansur jókòó níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ lé orúnkún. Láti Ìfọ́n ló ti gun ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí ní Ìlobù, ó gbé kọ̀ǹpútà náà mọ́ àyà bí ọmọ tí ibà ń ṣe.

"Ìyá Malikah, bí mo bá ti tẹ páásíwọ̀ọ̀dù mi, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn díẹ̀, á tún ní kí n wá tẹ páásíwọ̀ọ̀dù. Láti àná nìyẹn."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Kí lẹ ń wá nínú rẹ̀?"

"Ìwé àsìkò ààwẹ̀ ni. Sààrì àti ìṣínu, ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, fún gbogbo mọ́sálásí wa. Ìrọ̀lẹ́ òní la ó wo oṣù. Bí wọ́n bá rí i, ọ̀la ni ààwẹ̀. Atẹ̀wé sì ní bí mi ò bá gbé e dé kí wọ́n tó kírun Alásàrí, kò sí bí òun ṣe lè tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àìlà tán ni.

Hameed tó ń ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú. "Ìyá Malikah, ẹ fọ́máàtì ẹ̀ jàre! Línúùsì tó ń darí ẹ̀ yìí ò dáa. Ẹ fi èyí tí gbogbo ayé ń lò sí i, kí Àáfà máa lọ."

"Bí mo bá pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, ìwé àsìkò wọn ńkọ́?"

"Wọn á tún un ṣe."

"Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é," ni Àáfà wí. "Ṣé ìwọ lo máa bá mi tún un ṣe kí Alásàrí tó tó?"

"Ẹ má bínú sà. Èmi wo? Ìyàwó mi ló ń jí mi fún sààrì."

Mùíbátù yí ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ló ń tú, tó ń tò, títí tó fi yé e pé ẹ̀rọ kì í ṣe ìránnu: bó bá kọ̀, ó nídìí.

"Ó gba páásíwọ̀ọ̀dù yín, sà. Bí kò bá mọ̀ yín ni, á sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ló ń tì yín síta láti inú ilé."

Ó tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, ọ̀rọ̀ funfun tín-ín-rín sì yọ lórí rẹ̀.

"Subuhanallahi! Ó ti kú nìyẹn?"

"Rárá sà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni. Kò sí àwòrán níbẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni. Ẹ tẹ orúkọ yín àti páásíwọ̀ọ̀dù."

Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mùíbátù kọ́kọ́ wò ó bóyá inú rẹ̀ ló kún jù. Àyè ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ó wá ní kí ó to gbogbo fáìlì Àáfà sílẹ̀, títí kan èyí tó máa ń fara pamọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ sílẹ̀: mansur, mansur, mansur. Lójijì, ìka rẹ̀ dúró. Ibi tó yẹ kí mansur wà, root ló wà níbẹ̀, orúkọ tí Línúùsì ń pe ọ̀gá pátápátá.

"Ta ló ni fáìlì yìí?"

Àáfà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Ìlobù! Ẹ tún ti gbé ọ̀rọ̀ ta-ló-ni-ín dé, bíi ti ìjà ilẹ̀ àwa àti ẹ̀yin."

"Àáfà, ẹ̀yin ará Ìfọ́n lẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi o."

Hameed rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Fáìlì yìí ni ìwé ẹ̀rí tí ẹ fi ń wọ yàrá," ni Mùíbátù wí. "Orúkọ ọ̀gá ló wà lára rẹ̀ báyìí. Ẹ dé, ẹ fẹ́ mú un, wọ́n ní kì í ṣe tiyín. Ṣé ẹ tẹ sudo láìpẹ́ yìí?"

"Sudo? Òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo! Mo kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé bí àṣẹ kan bá kọ̀, ká fi sudo ṣáájú rẹ̀, á jẹ́. Mo wá sọ ọ́ di bísímílà. Nígbà tí ojú rẹ̀ dákú lánàá, sudo náà ni mo fi jí i."

Mùíbátù bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́. "Bísímílà dára ṣáájú ohun gbogbo, sà. Sudo kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù ọ̀gá ni. Ohun tí ẹ bá wọ ẹ̀wù ọ̀gá ṣe, ọ̀gá ni yóò ni ín. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ó wọ̀ ọ́ báyìí, ká fi dá nǹkan yín padà fún yín."

Ó tẹ ìlà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà náà kò wí nǹkan kan.

"Kò fèsì," ni Àáfà wí.

"Bó bá dákẹ́, ó ti ṣe é nìyẹn. Ìgbà tó bá ń rojọ́ ni ká bẹ̀rù."

Ó dá a padà sí ẹnu ọ̀nà iwájú. Àáfà tẹ páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà ni àwòrán Káábà yọ, ìwé àsìkò náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe wà.

"Alihamudulilahi!" Àáfà ṣí i, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ìyá Malikah, kí lorúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́?"

"Mùíbátù, sà."

Àáfà tẹ nǹkan díẹ̀ sí i, Mùíbátù dà á sínú fíláàṣì fún un, ọ̀kadà sì gbé e lọ.

Wọ́n rí oṣù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́kadà kan já ìwé àsìkò mẹ́wàá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, fún àwọn mọ́sálásí Ìlobù. Mùíbátù gbé ọ̀kan síwájú ìmọ́lẹ̀. Lábẹ́ àsìkò ìṣínu ọgbọ̀njọ́, ó ka ìlà kan tó hàn ketekete: "Ẹni tó bá wa yọ ìwé yìí: Mùíbátù, Ìlobù." Lára ògiri gbogbo mọ́sálásí tó wà ní Ìfọ́n, títí ààwẹ̀ fi parí, bẹ́ẹ̀ náà ló wà.