Ẹ̀rún Békìn Inú Ọ̀rá

Renae, ọmọ mi obìnrin, ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ó ní kí n se oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú fún òun àti Curt ọkọ rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá mi dá sí i. Bí oúnjẹ náà bá dára, òun yóò fi mí sílẹ̀ nínú ilé mi títí òtútù yóò fi lọ. Bí kò bá dára, n ó kó lọ sí ilé àwọn arúgbó tó wà ní ìgboro, níbi tó ti bá mi gba yàrá sílẹ̀ láìbi mí léèrè.

"Láti oṣù kẹrin tí Màmá ti kú, ẹja inú agolo àti búrẹ́dì lẹ̀ ń jẹ," ó wí. "Àbí ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?"

"Ẹja inú agolo kì í pa èèyàn."

"Kò tíì pa yín ni. Ẹ sáà se oúnjẹ, Dádì."

Mo gbà. Ilé yìí ni mo bí i sí. Bàbá mi ló kọ́ ọ, èmi ni mo kan òrùlé rẹ̀ kejì. Mi ò fẹ́ kú sínú yàrá tí ẹlòmíràn ti kú sí ṣáájú mi.

Mo mọ oúnjẹ tí n ó sè. Ardis, ìyàwó mi, máa ń sè é bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀: pòtétò tí a gé pẹlẹbẹ, àlùbọ́sà, mílíìkì àti wàràkàṣì, nínú àwo gíláàsì tí yóò wà nínú ófùnù títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Bó bá kù díẹ̀ kó jinná, yóò nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè sítóòfù, yóò mú ìgò kékeré kan, yóò sì fọ́n ẹ̀rún békìn sí i lójú. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n sun, tí wọ́n rún wẹ́wẹ́, ni mo pe ohun tó wà nínú ìgò náà. Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo sìn títí iye tí wọ́n ń rà á fi já wálẹ̀ tí mo sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí mo bá gbọ́ tí ìgò náà ń dún lórí àwo, inú mi máa ń dùn, nítorí mo rò pé lára iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń fọ́n.

Nígbà tí mo lọ ra nǹkan ìsebẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo rí irú ìgò Ardis lórí pẹpẹ. Mo wọ awò ojú mi láti rí i dájú pé òun gan-an ni. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Sóyà ni. Sóyà, iyọ̀, òróró àti aró pupa. Kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ débi pé ọmọbìnrin tó ń to ọjà bi mí bóyá mo nílò ìrànlọ́wọ́. Mo ní rárá o, ẹ ṣeun.

Mo dá ìgò náà padà. Mo mú ọ̀rá kan tó wà nítòsí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀ pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gidi ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú tiwọn, mo dán oúnjẹ náà wò. Ó dára. Mo ká ẹnu ọ̀rá náà, mo sì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù òkè sítóòfù, níbi tí ìgò Ardis máa ń wà. Mi ò fẹ́ràn ìdàrúdàpọ̀. Ohun tí a bá mú, a gbọ́dọ̀ dá a padà sí àyè rẹ̀.

Wọ́n dé lẹ́yìn ìsìn. Renae kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ìka ra orí fìríìjì, ó wo ìka náà, ó sì nù ún mọ́ tówẹ̀lì. Curt, tó ń ta katakata, tí ara rẹ̀ sì tóbi bí ọjà rẹ̀, jókòó kí ẹnikẹ́ni tó ní kó jókòó.

"Ilé yìí mọ́ o, Dádì," ó wí. "Ó mọ́ ju tiwa lọ."

"Ta ló bi ẹ́?" Renae wí.

"Òórùn oúnjẹ ló mú mi sọ ọ́. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ."

A gbàdúrà. Mo gbé àwo náà sáàárín tábìlì. Ojú rẹ̀ pọ́n dáadáa, ẹ̀rún békìn náà sì ń dán lórí wàràkàṣì. Renae bu díẹ̀. Ó fi fọ́ọ̀kì tú u wò kó tó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

Níbi tiwa, a kì í sọ fún ẹni tó se oúnjẹ pé oúnjẹ rẹ̀ kò dára. Mo ti rí i nínú ìyàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn èèyàn jẹ kéèkì tí wọ́n fi iyọ̀ ṣe dípò ṣúgà, tí wọ́n sì dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ. Ìyàwó pásítọ̀ wa àtijọ́ kó èso àjàrà gbígbẹ sínú ọbẹ̀ ẹran lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìjọ sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò se oúnjẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

"Báwo ló ṣe rí?" mo bi Renae.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó yàtọ̀," ó wí. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an nìyẹn.

Curt ti ń nawọ́ sí ṣíbí láti tún bu sí i. "Èmi o, ó dùn mọ́ mi."

"Curt."

Ó fi ṣíbí sílẹ̀.

"Kí lẹ fọ́n sí i lójú?" Renae bi mí.

"Békìn."

"Kì í ṣe irú ti Màmá."

"Èyí sàn ju tirẹ̀ lọ," mo wí. "Ẹran gidi ni. Sóyà lásán ni èyí tí màmá rẹ ń lò."

Mo rò pé yóò yà á lẹ́nu bó ṣe yà mí. Ó wo Curt. Curt wo abọ́ rẹ̀. Renae bá bú sẹ́rìn-ín.

"Áà, Dádì! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?"

Mo wo ẹ̀rún tó wà lórí fọ́ọ̀kì mi.

"Gbogbo wa la mọ̀ o. Mi ò tíì ga ju tábìlì yìí lọ tí mo ti mọ̀. Ẹ ó máa jẹ ẹ́, ẹ ó máa sọ pé, 'Ẹlẹ́dẹ̀ gidi rèé, ẹ ò lè rí irú èyí nílùú ńlá.' Èmi àti Màmá á máa tẹ ara wa lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì kí ẹ̀rín má bàa pa wá. Curt náà mọ̀. Kí a tó ṣègbéyàwó ni mo ti sọ fún un."

"Má mú mi wọ̀ ọ́," Curt wí.

"Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?" mo bi í.

"Màmá ò lè jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Òórùn rẹ̀ ń rí i lára. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi fọ aṣọ yín, Dádì. Ó ní bí òun bá tún fi lè gbóòórùn ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìkòkò òun, òun á bì. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún yín. Ó ti lọ báyìí, kò sí ohun tí mò ń pa mọ́ fún un mọ́."

Mo rántí àwọn ọdún Kérésì tí a bá gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ sórí tábìlì. Ardis á gé e fún gbogbo wa. Bí mo bá bi í léèrè ti tirẹ̀, á ní òun ti tọ́ ọ wò ní kíṣìnnì, òun ti yó. Mo gé pòtétò tó wà níwájú mi sí méjì, mo sì jẹ ẹ́.

Renae dìde. "Ọ̀rá rẹ̀ dà?" Ó ṣí fìríìjì, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ó tì í. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù òkè sítóòfù, ó sì mú un jáde. Ó tú ẹnu rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì yí ojú kúrò.

"Ìgbà wo lẹ ṣí i?"

"Ọjọ́ Àìkú tó kọjá."

"Ó wá wà nínú ooru níbí láti ìgbà yẹn?"

"Àyè rẹ̀ nìyẹn."

"Àyè sóyà nìyẹn, Dádì! Sóyà ò lè bàjẹ́. Ẹran lèyí." Ó gbé e síwájú mi. "Ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Mi ò wọ awò."

"Ó wà lápò yín. Ẹ wọ̀ ọ́."

Mo wọ̀ ọ́. Lẹ́tà rẹ̀ kéré. Mo kà á sínú.

"Sókè. Curt ò gbọ́."

"Mo gbọ́, Renae," Curt wí.

"O ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ kà á, Dádì."

Mo kà á sókè pé bí a bá ti ṣí i, kí a gbé e sínú fìríìjì. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà nìyí nígbà tó wà ní kékeré, lórí tábìlì yìí kan náà, ṣùgbọ́n èmi kì í rẹ́rìn-ín bó ṣe ń rẹ́rìn-ín yìí.

Ó kó àwọn abọ́ wa, ó sì gbọ́n oúnjẹ inú wọn sínú garawa ìdọ̀tí.

"Mò ń jẹ tèmi o," Curt wí.

"Jẹ ẹ́ kí o kú, nígbà náà."

"Ikú ọ̀hún ìbá dùn díẹ̀."

Ó da èyí tó kù nínú àwo gíláàsì náà nù pẹ̀lú. Nígbà tó nawọ́ sí ọ̀rá láti jù ú nù, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì dà á sẹ́nu. Mo jẹ ẹ́, mo gbé e mì. Iyọ̀ rẹ̀ ta mí lọ́fun.

"Mo mọ ẹran tó ti bàjẹ́," mo wí. "Èyí ò bàjẹ́. Mo ti jẹ ẹ́. Ṣé mo kú?"

Mo rò pé ẹnu rẹ̀ yóò pa mọ́. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀, bí ohùn àwọn nọ́ọ̀sì tó tọ́jú Ardis ní ìparí.

"Curt, ṣé o rí i?"

"Renae, jẹ́ ká máa lọ."

"Mo ní ṣé o rí i? Ẹni tí orí rẹ̀ pé, tí wọ́n bá sọ fún un pé nǹkan ti bàjẹ́, ṣé á kó o sẹ́nu?"

Curt dìde kúrò ní tábìlì.

Renae lọ síbi sítóòfù. Ó fa àwọn bọ́tìnnì tí a fi ń yí iná rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó wọn sínú báàgì rẹ̀. Ó fa ti ófùnù yọ pẹ̀lú. "Nítorí ààbò yín ni," ó wí. "Ọjọ́ Ẹtì ni a ó wá kó ẹrù yín."

A dúró lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. A sọ̀rọ̀ nípa yìnyín tó ń bọ̀ àti bí títì ṣe ń yọ̀. Mo sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀. Curt sọ gíláàsì fèrèsé ìhà tirẹ̀ kalẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Oúnjẹ yẹn..."

Renae tẹ bọ́tìnnì ìhà tirẹ̀, fèrèsé náà sì gòkè, ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ Curt lẹ́nu. Mo juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi yà sí títì ńlá.

Àìsàn kankan kò ṣe mí. Kò sì ṣe Curt. Renae kò pè láti béèrè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ mu kọfí. Àwọn irin tín-ín-rín tí bọ́tìnnì máa ń wà lórí wọn ló kù lára sítóòfù. Mo lọ sí ahéré ìkó-irinṣẹ́, mo mú píláyà. Mo fi di ọ̀kan mú, mo yí i, iná sì jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe se kọfí lójoojúmọ́. Mo se ẹyin. Mo se pòtétò. Mo ń fi píláyà náà sílẹ̀ lórí sítóòfù, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń lò ó.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Renae nìkan ló wá. Mo jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú kọfí tó gbóná. Ó rí ife tó ń rú èéfín. Ó yíjú sí sítóòfù, ó sì rí píláyà.

"Ta ló gbé èyí síbí?"

"Èmi ni."

"Ẹ fi tan gáàsì?"

"Mo fi tàn án. Mo sì fi pa á."

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ya fọ́tò píláyà náà. Ó sún mọ́ ọn, ó tún un yà. Kò bá mi jà. Ó kọjá lára mi wọ yàrá, mo sì gbọ́ tó ń fa àwọn dúrọ́ọ̀ ṣí, tó ń ká ẹ̀wù mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu kọfí mi, nítorí ó ti ń tutù.