Ẹni Tó Ra Dígí Ẹlẹ́yẹ

Dígí náà tún ti padà sọ́wọ́ opó yẹn. Aṣètò sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó fi ìka nù ún bí ẹni pé ìdọ̀tí ló ń tan òun jẹ. Kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Dígí gbọọrọ, férémù onígi aláwọ̀ wúrà, ẹyẹ kan tí wọ́n gbẹ́ sí orí rẹ̀, tí ìyẹ́ apá kan rẹ̀ ti kán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e wá sí gbàǹjo láyé àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni Bàbá Rà-á-tán rà á, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà ló sì jẹ́ pé opó kan ṣoṣo yìí ló gbé e wá.

"Ẹni tó ti ta nǹkan," ó sọ fún ara rẹ̀, "báwo ló ṣe tún ń tà á?"

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ni kó to gbogbo gbàǹjo ohun ọ̀ṣọ́ ilé tó ti wáyé látijọ́ jọ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá ń ṣèwádìí lè tẹ àga kan tàbí aago ògiri kan, kó sì rí ọ̀nà tó gbà láti ilé dé ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló ya ètò náà. Àyè ẹni tó gbé ọjà wá wà níhìn-ín, àyè ẹni tó rà á wà lọ́hùn-ún, okùn kan so wọ́n pọ̀. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó yà á tán, nítorí ó mọ́ tónítóní bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣí i fún aráyé. Wọ́n ti to àga sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó máa sọ kó tó fẹ̀yìn tì, orí Bàbá Rà-á-tán ló sì gbé gbogbo rẹ̀ kà.

Inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti sọ ọkùnrin yẹn ní Bàbá Rà-á-tán, nítorí orúkọ tó wà nínú ìwé gbàǹjo gùn, ó sì le lẹ́nu. Kò sí ohun tí kì í rà. Àga ni o, bẹ́ẹ̀dì ni o, àwo tánganran, fìtílà, gbogbo rẹ̀ ló ń kó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi ìdajì ayé rẹ̀ wá a kiri. Ó wá ilé rẹ̀, kò rí i. Ó wá ibojì rẹ̀, kò rí i. Ó wá ìyàwó, ó wá ọmọ, kódà ó wá ọmọ ọ̀dọ̀ lásán, pàbó ni. Kìkì ohun tó rí ni pé ọ̀dọ̀ onígbàǹjo kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ti ń rajà, àti pé ọdún tí onígbàǹjo yẹn kú ni òun náà ò rajà mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n, pé àárò ọ̀rẹ́ ló pa á.

Omi bọ́ lójú Aṣètò nígbà tó kọ́kọ́ kà á. Báyìí, òógùn ló ń bọ́ lára rẹ̀.

Ó ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo ohun tí Bàbá Rà-á-tán rà jáde, kó sì fi ẹni tó tún gbé e wá sí gbàǹjo hàn. Àga: ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Aago: ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ náà ni. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó ti ọwọ́ ọkùnrin yẹn jáde.

Ìgbà náà gan-an ni Màmá Ìwé, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ìwé gbàǹjo, tiro wọlé nínú bàtà tuntun tó ń há a lẹ́sẹ̀.

"Ọkọ mi ńkọ́?" Bó ṣe máa ń kí wọn láràárọ̀ nìyẹn. Ó ní ọkùnrin tó mọ nǹkan rà bíi Bàbá Rà-á-tán ni òun ì bá fẹ́.

"Màmá, ẹ jókòó ná."

"Kí ló dé? Ó ti fẹ́ ẹlòmíì lé mi ni?"

"Ọkọ yín ò sí, mà. Kò fìgbà kan wà."

"Ọmọ yìí, o ò tíì jẹun."

"Ẹ gbọ́ ná. Bí ọlọ́jà bá ní iye báyìí lòun fẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ná an débẹ̀, ṣé onígbàǹjo á dúró níwájú èrò kó ní ọjà òun ò tà? Ojú á tì í. Á kàn lu tábìlì, á pe orúkọ kan bíi pé ẹnì kan rà á láti ẹ̀yìn. Ọlọ́jà á wá rọra gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Orúkọ ọkọ yín ni onígbàǹjo yìí máa ń pè."

Màmá Ìwé bọ́ bàtà kan. Ó pẹ́ kó tó bọ́ ìkejì.

"Mo ti di opó nìyẹn," ó sọ níkẹyìn, "òkú ò sì sí nílẹ̀." Ẹ̀rín pa á, àfi bó ṣe rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Yéè! Ọ̀gá ńkọ́?"

Ibẹ̀ gan-an ló ń ta Aṣètò lára. Ó ṣe àyè fún ẹni tó gbé ọjà wá, ó ṣe àyè fún ẹni tó rà á, kò ṣe àyè kankan fún ọjà tí ẹnikẹ́ni ò rà. Gbogbo orúkọ tó bá ti wà ní àyè ẹni tó rajà, ènìyàn ni ètò rẹ̀ sọ ọ́ dà. Òun ló bá wọn fún afẹ́fẹ́ lẹ́sẹ̀ méjì.

"Jẹ́ kó sọ ọ́ tán ná," Màmá Ìwé ní. "Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò. A ó sọ fún un tó bá yá."

Aṣètò rò ó wò. Ó rọrùn láti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú àwọn àlejò lè tẹ dígí ẹlẹ́yẹ yẹn níṣojú gbogbo èrò. Yàtọ̀ síyẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé tóun bá fẹ̀yìn tì tán, ibojì Bàbá Rà-á-tán lòun máa wá. Arúgbó á máa ti itẹ́ òkú kan bọ́ sí òmíràn! Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sápá, ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bá táì jà níwájú fèrèsé. Aṣètò ò mọ ibi tó yẹ kóun ti bẹ̀rẹ̀, ó kàn gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó ṣàlàyé. Bàbá náà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ onígbàǹjo kan ṣoṣo," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òun kú, èkejì dákẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó jókòó, ó bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sunkún. Ẹ̀bi mi ni."

"Ta ní ń sunkún?" Ó ṣíjú. Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tí kò jẹ́ kó lè mí dáadáa. "Ṣé o mọ̀ pé mo ti gbà pé èmi ni mi ò mọ nǹkan wá? Ibojì kan ṣoṣo! Mo máa ń rò ó lórí ibùsùn pé ọkùnrin yìí wà níbì kan tó ń retí mi, pé mo ti já a kulẹ̀." Ó mí kanlẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì rọ̀ sínú àga. "Kò sẹ́ni tó ń retí mi."

Ó ká ọ̀rọ̀ tó kọ, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀.

"Kí lẹ máa wá sọ, sà?"

"Bí mo ṣe fi ìdajì ayé mi lé ẹni tí kò sí. Ṣé ìyẹn ò dùn ju tàkọ́kọ́ lọ ni? Wá bá mi so táì yìí. Tó o bá délẹ̀, má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ o. Onígbàǹjo pè é, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Kàn ṣe àyè fún ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an."

Nígbà tí Aṣètò padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ya àyè tuntun kan. Ó kọ "kò tà" sókè rẹ̀. Ó wò ó, ó rí i pé ó dà bí èpè. Ó pa á rẹ́, ó kọ "ó padà sílé".

Ẹ̀rín bú láti gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, ti Màmá Ìwé ló ròkè jù. Aṣètò tún ṣí ojú ìwé dígí ẹlẹ́yẹ yẹn. Ó padà sílé, ó padà sílé, ó padà sílé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí gbàǹjo kankan tó tún dárúkọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ilé Bàbá Rà-á-tán ni Aṣètò máa ń fọkàn yàwòrán rẹ̀ sí, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti àga tó pọ̀ lọ súà, láìsí ojú kan tó ń wò ó. Báyìí, ó fojú inú rí opó yẹn tó gorí àpótí, tó gbé e kọ́ padà, tó sì dúró díẹ̀ wo ara rẹ̀ lábẹ́ ẹyẹ tí apá rẹ̀ kán. Ìṣó ò tíì kúrò lára ògiri rárá.