Máàpù Tí Ó-bá-mi-mu Rán

Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ńlá ń ta ègé aṣọ lówó pọ́ọ́kú ni. Èrò pọ̀ bí eṣú. Mo na ọwọ́ sí ègé búlúù kan, ọwọ́ mìíràn sì ti dì í mú láti òdìkejì tábìlì. Mo gbójú sókè. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ẹ̀yin olùkàwé mi, ariwo èrò dákẹ́ ní etí mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi tẹ́ inú kóòtù oníbàárà kan ni."

"Bọ̀ọ̀dá, òkun lèmi fẹ́ fi ṣe."

"Òkun kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo ṣàlàyé fún un pé tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama, pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa orílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n máàpù ara ògiri wa ti gbó débi pé àárín orílẹ̀-èdè ti di ihò. Aṣọ ni mo fẹ́ fi ṣe òmíràn.

"Ta ló máa rán an?"

"Èmi ni."

Ó wo ọwọ́ mi, ó mi orí. "Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó-bá-mi-mu ni wọ́n ń pè mí, torí aṣọ tí mo bá rán kì í fún, kì í ṣò."

Bí mo ṣe di ará ibẹ̀ nìyẹn. Èmi á ya ìpínlẹ̀ sórí ìwé, òun á gé e lára aṣọ. Ó fi síìpù ṣe odò ńlá, ó fi bọ́tìnnì ṣe ìlú, ó ki òwú sínú òkè kó lè ga. Ìfẹ́ wọ̀ mí lára wẹ́rẹ́ bí òwú ṣe ń wọ ojú abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ẹnu tí mo fi ń pariwo mọ́ odindi kíláàsì, ṣe ló máa ń lẹ̀ pọ̀ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù ò jẹ́ ká sinmi. "Orílẹ̀-èdè yìí ò parí ni? Àbí gbogbo ayé lẹ fẹ́ rán?"

Nígbà tí máàpù parí, Ó-bá-mi-mu fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí kíláàsì. A nà án sára ògiri. Àwọn ọmọ ń ṣí odò, wọ́n ń pa á dé, ariwo ayọ̀ gba ilé. Àfi bí ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Lọ́yà, nítorí ẹnu rẹ̀, ṣe dìde.

"Àǹtí, ìlú màmá àgbà mi ti kó lọ o! Ìlà-oòrùn ni wọ́n bí wọn sí, ẹ wá gbé wọn sí ìwọ̀-oòrùn!"

Òótọ́ ni. Ẹ̀yìn aṣọ ni àwọn télọ̀ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ẹ̀yìn aṣọ ló tẹ́ ìwé mi lé tó fi gé e. Nígbà tó yí ojú aṣọ síta, ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún. Èmi tó yẹ kí n tètè rí i, ojú rẹ̀ ni mò ń wò, n ò wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó-bá-mi-mu dorí kodò. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́." Kí n tó lanu, ó ti jáde.

Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn ya bo máàpù. "Ibi tí bàbá mi ti wá nìyí!" "Irọ́ ni, odò ò gba ibẹ̀!" Ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń sá fún tẹ́lẹ̀, wọ́n ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè fi jẹ́rìí. Lọ́yà ní kí oníkálukú tú ìlú àwọn èèyàn rẹ̀, kó gbé e lọ síbi tó yẹ. Ta ló máa kọ́ wọn ní rírán? Wọ́n ní àfi kí n kọ lẹ́tà sí télọ̀ lórúkọ kíláàsì, kó padà wá. Mo kọ ọ́. Nísàlẹ̀, mo fi tèmi kún un: tó bá wá nítorí àwọn ọmọ, kó jọ̀ọ́, kó wá nítorí tèmi náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú lẹ́tà náà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n mo tún padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, mo tún ń yí po níta bí ẹni tí nǹkan sọnù mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú.

"Tíṣà, ẹ wọlé jàre! Ẹni tẹ́ ẹ ń wá ò jẹun dáadáa láti àná. Ó ti rán ọwọ́ ẹ̀wù mọ́ ọrùn!"

Mo wọlé, Ó-bá-mi-mu dìde nídìí ẹ̀rọ. "Àǹtí, ṣé ẹ ṣì ń bínú ni?"

"Ta ló bínú? Àwọn ọmọ ń retí yín." Lọ́tẹ̀ yìí, n ò fà sẹ́yìn mọ́. "Ẹ kà á tán o, títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá," ni mo wí, mo sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.