Ẹja Ilésanmí

Èmi ni mo kọ́ Ilésanmí bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀ pẹja. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná. Tíṣà ará Èkìtì tí kò lè fọwọ́ kan ekòló, èmi káfíńtà ni mo mú un lọ sí ọwọ́ odò tó wà lẹ́yìn Ìjẹ̀gùn, mo fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀ fún un, mo ní kó panu mọ́.

Lọ́dún yìí, bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe rọ̀ tí ẹpìyà ń wá yé sí etídò, èmi ń mú méjì, mẹ́ta, tín-ín-tìn-tín. Ilésanmí ń mú ogún. Gbogbo Sátidé ló ń gbé èyí tó tóbi jù wá fún ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi.

"Ilésanmí ọmọ mi! Àlùbáríkà ò ní tán lọ́wọ́ ẹ." Màmá á wá yíjú sí mi. "Mùtíù, tìẹ náà dà?"

Inú bí mi, kí n má parọ́. Ìyá tó bí èmi nìkan ṣoṣo! Màmá tí kì í yin ọbẹ̀ ìyàwó mi, ẹja ẹlòmíràn ló ń kì bí ẹni ń kì ọba. Àwọn méjèèjì á tún jókòó níwájú ilé, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Tí mo bá ti yọ, kẹ́kẹ́ á pa. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ojú kan náà ló máa ń ju ìwọ̀ sí, níbi tí omi ti ṣẹ́ kọ́nà. Nígbà tó di Jímọ̀, bí mo ṣe kírun àsùbá tán, mo dá nìkan lọ, mo wọ omi dé ìbàdí. Ẹsẹ̀ mi kọ igi. Ẹ̀ka máńgòrò ni, wọ́n fi àkísà so wọ́n pọ̀, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹja ń sá gba ààrin ẹsẹ̀ mi kọjá. Àṣé ilé ló kọ́ fún wọn! Mo yọ ọ̀bẹ nínú àpò ìwọ̀ mi, mo gé gbogbo rẹ̀, mo wọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jáde sórí ilẹ̀. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo ń súfèé délé.

Lọ́jọ́ kejì, Ilésanmí wá lọ́wọ́ òfo.

"Màmá, wọ́n ti tú u. Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Ta ló dán irú ẹ̀ wò?" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

 Àpò ìwọ̀ mi tí mo fi kọ́ ara ògiri ni Màmá ń wò. Àjákù aṣọ aláró kan há sí ẹnu síìpù rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó dá a mọ̀: ìró tí Màmá ró wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

"Bàbá mi ló máa ń ri igi sómi báyẹn lábúlé wa," Màmá sọ, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ? O ní, 'Ẹ jàre, Màmá, omi Èkó yàtọ̀.' Ilésanmí ló jókòó gbọ́. Mo ya ìró mi fún un kó fi so ó. Èmi ni mo ní kó má sọ fún ẹ, kí ìwọ fúnra ẹ lè wá bi mí."

Ó ní kí Ilésanmí bá òun mú nàílọ́ọ̀nù kan wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Ìdajì ìró náà ló wà nínú rẹ̀, ó ti fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó ká a jọ dáadáa.

"Tìẹ rèé. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti ya á sílẹ̀."

N kò lè na ọwọ́. Ilésanmí ló bá mi gbà á.